Ajá tó ń kùn nídìí oúnjẹ: ṣé nínà ni, títà ni, àbí ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Ìbéèrè

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. A ní ajá kan nílé, Bruno, bàbá rẹ̀ jẹ́ Alsatian, ìyá rẹ̀ jẹ́ ajá ilẹ̀ wa. Ó ti lé lọ́dún kan. Ajá tó máa ń na gbalaja kí ọmọ mi lè fi ṣe ìrọ̀rí ni o. Àmọ́ bí a bá ti gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ báyìí, ajá míì ló dé yẹn. Ara rẹ̀ á le, á máa kùn, á máa wo ènìyàn láti ẹ̀gbẹ́ ojú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, gba ẹ̀gbẹ́ abọ́ rẹ̀ kọjá lọ mú bọ́ọ̀lù, ajá yìí fi ẹnu já sí i. Kò bù ú jẹ, aṣọ nìkan ló fà ya. Ọkọ mi ní òun máa nà án dáadáa, pé ajá tó bá ń kùn sí olówó rẹ̀ ti gbàgbé ipò rẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní ká tà á. Gáàdì àdúgbò ní ká fi sílẹ̀, pé ajá tó le ló ń ṣọ́lé. Èmi ò mọ èyí tí n bá ṣe. Ẹ̀yin tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, kí lẹ ṣe?

* * *

Èsì

Ẹ má jẹ́ kí bàbá ọmọ nà án, mà. Ẹ má sì tíì tà á. Ká tó dé ìdí ẹ̀kọ́ rárá, ti alẹ́ òní ló jà jù. Láti òní lọ, ajá yìí ò gbọdọ̀ jẹun níbi tí ẹsẹ̀ ọmọ lè dé. Ẹ gbé abọ́ rẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé tàbí sínú kéèjì, ẹ tilẹ̀kùn, kó jẹun tán, kó jáde fúnra rẹ̀, kí ilẹ̀kùn sì padé lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan abọ́. Ìyẹn ò wò ó sàn. Ó kàn máa fún yín láàyè láti mí ni.

Ẹ ní aṣọ nìkan ló fà ya. Ẹnu ajá yá ju ọwọ́ wa lọ fíìfíì. Ká ní ó fẹ́ bu ọmọ yẹn jẹ ni, kò ní tàsé. Ìkìlọ̀ ló fi ṣe, ó sì ṣì ń kó ara rẹ̀ níjàánu. Inú mi dùn sí ìyẹn. Àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́rin tó bá bẹ̀rẹ̀ mú bọ́ọ̀lù, ojú rẹ̀ àti ẹnu ajá ti dọ́gba. Ẹ má fi ṣeré.

Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ mọ̀: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Bó bá jẹ́ láti kékeré ló ti ń ṣe é, ẹ̀kọ́ ló kù. Bó bá jẹ́ pé lójijì ló dé, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko ná. Eyín tó ń ro ó, etí tó dégbò, aràn tó ń bá a pín oúnjẹ nínú, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè sọ ajá jẹ́jẹ́ di oníjà. Oògùn kan tún wà, prednisolone, tí wọ́n máa ń fún ajá tí ara ń yún. Ó máa ń dá ebi sí i lára gan-an, mo sì ti rí ajá tó tipa bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ abọ́. Bí ìwà ajá bá sì yí padà lójijì ní ilẹ̀ wa níbí, ẹ fi dìgbòlugi sọ́kàn, pàápàá bí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá ti lé lọ́dún.

* * *

Ará Ṣàgámù kan dá sí i: "Ẹ nà án jàre! Bàbá mi ní igi tó wà fún ajá nìkan. Ọjọ́ tí ajá bá kùn, igi á fèsì. Títí àwọn ajá yẹn fi kú, kò sí èyí tó tún dán an wò."

Èsì

Mo gbà pé wọn ò kùn mọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ìjà èmi pẹ̀lú yín wà, ẹ̀gbọ́n.

Ajá tó ń kùn nídìí oúnjẹ ń bẹ̀rù pé wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ òun. Igi ò lé ìbẹ̀rù yẹn lọ, ńṣe ló fi kún un. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ lè gba ẹran. Ní báyìí, ẹni tó ń bọ̀ lè gba ẹran kó tún la igi mọ́ ènìyàn. Bí ajá bá ti rí i pé kíkùn ló ń fa igi, á pa kíkùn tì, á sì lọ tààrà síbi tó kàn, ìyẹn eyín. Àwọn tó máa ń sọ pé "kò kùn, kò gbó, ṣàdédé ló bu ọmọ jẹ", ẹ bi wọ́n bóyá ẹnì kan ti nà án rí nítorí pé ó kùn. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ.

Ìbéèrè kan tún kù fún ará Ṣàgámù. Nígbà tí bàbá ò bá sí nílé, ta ló ń lọ sídìí àwọn ajá yẹn bí wọ́n bá ń jẹun? Ṣé màmá ni, àbí ẹ̀yin ọmọ? Ajá mọ ọwọ́ tó mú igi dání, ó sì mọ ọwọ́ tí kò mú un.

Kíkùn gan-an kọ́ ni ajá fi ń bẹ̀rẹ̀. Ó ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ kó tó débẹ̀. Abo ajá kan wà lọ́dọ̀ mi tó wá láti ilé tí wọ́n ti ń da oúnjẹ ajá mẹ́fà sínú ọpọ́n kan. Bí mo bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, ẹnu rẹ̀ á dúró sínú èbà, kò ní jẹ, kò ní gbórí. Ojú nìkan ló máa yí sí mi, tí funfun rẹ̀ á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Etí á lẹ̀ mọ́ orí. Ìrù á dúró gan-an, kò ní lọ, kò ní bọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló máa wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ mì gbàùgbàù láì jẹ ẹ́ lẹ́nu. Ní gbogbo ìgbà yìí, kò tíì kùn rárá. Ẹni tó bá ti rí i tí ẹnu rẹ̀ dúró, tó sì rọra fà sẹ́yìn, kò ní gbọ́ ìkùn kankan.

* * *

Bàbá kan ní Ìkòròdú kọ ọ́ pé: "Láti kékeré ni kí wọ́n ti máa tọwọ́ bọ inú abọ́ rẹ̀, kí wọ́n máa gbé e kúrò, kí wọ́n tún gbé e padà fún un, kó lè mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ni oúnjẹ. Bí mo ṣe ń tọ́ tèmi nìyẹn, kò sí wàhálà."

Èsì

Bàbá, ìmọ̀ràn yìí ló pọ̀ jù lẹ́nu èèyàn. Àwọn tó ń ta ọmọ ajá pàápàá máa ń sọ ọ́ fún oníbàárà bí ẹni ń ka àdúrà. Mi ò jiyàn pé ajá yín ò ní wàhálà. Ohun tí ajá rí tó fi ń gbó, òun náà ni àgùntàn fi ń ṣe ìran wò. Láàárín ajá sí ajá náà, bẹ́ẹ̀ ló rí. Àwọn kan wà tí ẹ lè gba àwo lẹ́nu wọn kí wọ́n sì máa ju ìrù. Irú wọn ni ìmọ̀ràn yìí máa ń ṣiṣẹ́ fún, àwọn tí kò nílò rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Èyí tó bá ń fura, ohun tí ẹ ń kọ́ ọ ni pé òótọ́ ni ìfura rẹ̀, wọ́n máa ń gbà á. Ẹni tó bá ti bá ẹ̀gbọ́n mẹ́ta jẹun nínú abọ́ kan rí mọ ìdí tí òun fi ń kọ́kọ́ gbé ẹran mì kí òun tó kan òkèlè. Ọwọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n ló kọ́ wa.

Bí ẹ bá máa tọwọ́ bọ abọ́ ọmọ ajá, kí ọwọ́ yẹn mú nǹkan dání wá. Kó ju ẹran wẹ́wẹ́ sí i, kó sì jáde. Ọwọ́ tó wá lófìfo tó lọ pẹ̀lú oúnjẹ ló ń dá ìjà sílẹ̀.

* * *

Ẹlòmíì gbé ọ̀rọ̀ ìkookò dé: pé láàárín ìkookò, ọ̀gá ló ń kọ́kọ́ jẹun, pé ajá tó bá ń kùn fẹ́ dọ̀gá ilé ni, kí gbogbo ilé máa jẹun tán níwájú rẹ̀ kí wọ́n tó fún un.

Ọ̀rọ̀ yìí nítàn. Ní 1947, Rudolf Schenkel, onímọ̀ nípa ẹranko, kọ̀wé nípa àwọn ìkookò tí wọ́n kó sínú ọgbà ẹranko ní Basel, ní Switzerland. Ìjà tó rí láàárín wọn ló bí ọ̀rọ̀ "alpha", ìyẹn ọ̀gá agbo. L. David Mech, ará Amẹ́ríkà, gbé e sínú ìwé rẹ̀ ní 1970, ibẹ̀ ló ti tàn ká ayé. Mech kan náà ló lọ ń wo ìkookò nínú igbó gidi fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní Ellesmere Island ní Kánádà, tó sì kọ ọ́ ní 1999 pé agbo ìkookò kì í ṣe ogun ipò, ẹbí ni: bàbá, ìyá, àtàwọn ọmọ wọn. Ó tún sọ nǹkan kan tó kan ìbéèrè wa gan-an. Ìkookò tó kéré jù pàápàá máa ń di oúnjẹ tó wà lẹ́nu rẹ̀ mú lójú èyí tó jù ú lọ. Àbí ẹ ò rí i? Ẹni tó ń ṣọ́ oúnjẹ rẹ̀ ò du oyè.

Kí ẹ kọ́kọ́ jẹun kí ajá tó jẹ, ẹ máa ṣe é bó bá wù yín. Kò pa á lára, kò sì kọ́ ọ ní nǹkan kan.

* * *

Ẹni tó béèrè: "Ẹ ṣé o. Ó ti ń ṣe é láti bí oṣù mẹ́fà, kì í ṣe òjijì. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ò tíì lé lọ́dún. A ti ń bọ́ ọ lẹ́yìnkùlé báyìí. Ẹ ti sọ ohun tí n ò gbọ́dọ̀ ṣe, kí wá ni kí n ṣe?"

Èsì

Ohun tí à ń wá ni kí inú Bruno máa dùn bó bá gbúròó ẹsẹ̀ tó ń bọ̀ nídìí abọ́ rẹ̀. Ọ̀nà kan ló wà: kí oúnjẹ rẹ̀ máa pọ̀ sí i nígbàkígbà tí ẹnì kan bá sún mọ́ ọn.

Ẹ wá nǹkan tó fẹ́ràn ju oúnjẹ ojoojúmọ́ rẹ̀ lọ. Bó bá ṣe èbà àti omi ọbẹ̀ ló ń jẹ, tàbí oúnjẹ ajá inú àpò, ẹ̀dọ̀ màlúù sísè máa ń mú orí wọn yá. Gísàdì náà dáa, orí pánlá náà kò burú. Ẹ má fi iyọ̀ sí i, ẹ má fi ata sí i, ẹ má sì jẹ́ kí àlùbọ́sà débẹ̀ rárá, torí àlùbọ́sà máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, kó má tóbi ju orí ìka lọ. Bí ọkàn yín ò bá balẹ̀, kí ajá wà lẹ́yìn géètì kékeré, tàbí kí ẹ so ó mọ́ òpó pẹ̀lú okùn tó gùn tó láti jẹun nírọ̀rùn.

Ẹ gbé oúnjẹ fún un, ẹ kúrò níbẹ̀. Bó bá ti ń jẹun, ẹ máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ibi tó bá ti kọ́kọ́ fura, tí ẹnu rẹ̀ dúró, ẹ fi sọ́kàn, kí ẹ sì fà sẹ́yìn dáadáa kúrò níbẹ̀. Ibi tí ẹ fà sí yẹn ni ẹ óò ti bẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀, ẹ ju ẹ̀dọ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́, ẹ yí padà, ẹ máa lọ. Ẹ má bá a sọ̀rọ̀, ẹ má tẹjú mọ́ ọn, ẹ má dúró wò ó bí ẹni tó ń retí ẹ ṣé. Yíyí tí ẹ yí padà yẹn gan-an ló máa fi mọ̀ pé ẹ ò wá gba nǹkan. Ẹ tún ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta kó tó jẹun tán, ó tó fún ọjọ́ kan.

Tó bá yá, ẹ óò rí àyípadà. Bí ẹ bá ti yọ, á gbé orí kúrò nínú abọ́, ara rẹ̀ á rọ̀, ìrù á máa lọ á máa bọ̀. Ọjọ́ tí abo ajá mi kọ́kọ́ ṣe é, èbà ṣì lẹ̀ mọ́ ọn nímú, ó pa oúnjẹ tì, ó ń wo ọwọ́ ọ̀tún mi. Ìgbà tí ẹ bá ń rí ìyẹn léraléra ni kí ẹ tó sún mọ́ ọn sí i, ìṣísẹ̀ kan péré. Ìkánjú ló máa ń bà á jẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn: wọ́n á rí i pé ìrù ń mì lánàá, wọ́n á lọ gbé abọ́ lónìí. Bí ara rẹ̀ bá tún le, ẹ padà síbi tó ti rọrùn fún un, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Bí ẹ bá ti dé ẹ̀gbẹ́ abọ́, inú abọ́ ni kí ẹ máa ju ẹran sí. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó jù ú. Ẹ fọwọ́ kan etí abọ́. Gbígbé abọ́ nílẹ̀ ló gbẹ̀yìn pátápátá, bí ẹ bá sì gbé e, ẹ fi ẹran sí i lójú rẹ̀, ẹ dá a padà wéré. Ẹ má sọ ìyẹn di eré ojoojúmọ́ o. Bó bá ti gbà, ẹ jẹ́ kó máa jẹun ní àlàáfíà.

Ọgbọ́n kan tún wà tí mo fẹ́ràn fún ajá tó ń fura gan-an. Abọ́ òfìfo ni kí ẹ gbé sílẹ̀. Á gbóòórùn rẹ̀, á wo yín lójú. Ẹ bu oúnjẹ díẹ̀ sí i, kó jẹ ẹ́ tán. Á tún wo yín. Ẹ tún bu díẹ̀. Ajá tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ abọ́ rẹ̀ ló ń bẹ̀ yín báyìí pé kí ẹ máa bọ̀.

Ó máa tó ọ̀sẹ̀ mélòó? Fún ajá kan, ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Fún òmíràn, ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹni tó bá sọ iye ọjọ́ pàtó fún yín, ó ní nǹkan tó ń tà.

* * *

Sí ẹni tó bi mí nípa fífi ọwọ́ bọ́ ajá, òkèlè kan lẹ́yìn òmíràn: ó dáa fún àwọn kan. Mo ti rí àwọn míì tó kúrò nídìí ṣíṣọ́ abọ́, tó wá ń ṣọ́ ọwọ́ ẹni tó ń bọ́ ọ. Ti abọ́ òfìfo yẹn ni mo máa kọ́kọ́ gbìyànjú.

* * *

Èsì lórí ọ̀rọ̀ gáàdì

Mo ṣèlérí nínú ọkàn mi pé mi ò ní fi ọ̀rọ̀ gáàdì sílẹ̀. "Ajá tó le ló ń ṣọ́lé." Ajá tó ń ṣọ́ abọ́ ò ṣọ́ ilé, abọ́ ló ń ṣọ́. Ẹni tó ń bù jẹ ni ẹni tó ń gbé oúnjẹ wá fún un, ìyẹn ìyàwó ilé, ọmọ ọ̀dọ̀ tàbí ọmọ kékeré. Olè ò sún mọ́ abọ́ ajá. Olè máa ń ju ẹran onímájèlé wọlé ni, ajá tí ebi ti sọ di aláìníjàánu ló sì máa kọ́kọ́ gbé e mì.

Níbi tí a dé yìí, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa ebi. Ilé pọ̀ tí wọ́n ti ń fún ajá lóúnjẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láàárọ̀ sí alẹ́, àṣẹ́kù ilé, bó bá kù. Bí kò bá kù, ó di ọ̀la. Àwọn kan tún ń fún ajá ní ata tàbí ẹ̀tù ìbọn kó lè rorò. Ìyà lásán ni. Ikùn ni wọ́n ń bà jẹ́ fún ẹranko. Ẹ pín oúnjẹ ọjọ́ kan sí méjì, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, kó ní àkókò tí kì í yẹ̀. Ẹ fún un lóògùn aràn bí dókítà bá ṣe là á sílẹ̀. Ẹ wo ìhà rẹ̀: bí ẹ bá lè ka egungun ìhà láti ọ̀nà jíjìn, ẹ̀kọ́ kankan ò ní wọ ajá yẹn lórí, oúnjẹ ni kó kọ́kọ́ jẹ yó. Ajá tó mọ̀ pé ìrọ̀lẹ́ máa tó dé kì í fi bẹ́ẹ̀ jà sí ti àárọ̀.

* * *

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi jà lórí egungun adìyẹ, torí mo ní kí Bruno má jẹ ẹ́. "Láti ayé bàbá wa ni ajá ti ń jẹ egungun." Bẹ́ẹ̀ ni, ajá wọn sì ń kú, wọ́n á ní ayé ló ṣe é. Egungun adìyẹ tí iná ti kàn máa ń fọ́ ṣóńṣó, ó lè gún ọ̀nà ọ̀fun tàbí ìfun. Àmọ́ ìdí tí mo fi sọ ọ́ níbí yàtọ̀ sí ìyẹn. Egungun ni ajá ń ṣọ́ jù lọ, ju abọ́ lọ. Ó lè gbé e lọ, ó lè fi í pamọ́, kì í sì tán bọ̀rọ̀.

Ajá bàbá mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé ń jẹ́ Fọ̀rọ̀sínú. (Ará ilé kan wà tí orúkọ yẹn ń bá wí, gbogbo agbo ilé ló mọ̀ ọ́n.) Fọ̀rọ̀sínú kì í ja nídìí abọ́ rárá. Bó bá ti rí pọ̀nmọ́ tàbí egungun báyìí, ẹ̀yìn àgbá omi ló ń gbé e lọ, ó sì di pé kò sẹ́ni tó lè pọnmi títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àwọn ọmọkùnrin ilé á mú ìgbálẹ̀ lé e, á tún wọnú kọ̀rọ̀ sí i. Ìyá àgbà ló mọ ọ̀nà ẹ̀. Á jókòó sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, á máa ju ẹja díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀ láti ibi àgbá wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀, kò ní wo ìhà ibi tí ajá wà. Tí ajá bá ti wọ kíṣìnì tán, wọ́n á tilẹ̀kùn, ẹnì kan á lọ palẹ̀ egungun mọ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é títí di òní nìyẹn. Ajá bá mú nǹkan tí kò yẹ, yálà egungun, bàtà tàbí báńdéèjì, ẹ má lé e, ẹ má fi ọwọ́ ya ẹnu rẹ̀. Ẹ pààrọ̀. Ẹ fi nǹkan tó dùn jù ú lọ fà á jìnnà síbi tí nǹkan náà wà, kí ilẹ̀kùn wà láàárín òun àti nǹkan yẹn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ mú un. Ẹ sì máa kọ́ ọ ní "jù ú sílẹ̀" lórí ohun tí kò já mọ́ nǹkan kan lójú rẹ̀, ìgò ike, àkísà. Bó bá jù ú sílẹ̀, ẹ fún un lẹ́ran, kí ẹ tún dá ìgò rẹ̀ padà fún un.

* * *

Ẹnì kan kọ ọ́ pé: "Ajá Caucasian tèmi ti kọjá kíkùn. Ó bu àbúrò mi jẹ lọ́wọ́, ihò eyín mẹ́ta. Ìyá mi ti fi epo pupa sí i. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ sí í ju ẹ̀dọ̀?"

Èsì

Rárá. Ẹ fi ajá sílẹ̀ ná, ẹ gbájú mọ́ ọwọ́ àbúrò yín, lónìí yìí. Kí ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kódà bó bá ti pẹ́ díẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn fún abẹ́rẹ́. Kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe irun ajá tí wọ́n jó, kì í ṣe ẹ̀dọ̀ ajá náà. Ajá ló ń kó dìgbòlugi ran èèyàn nínú ohun tó tó 99 nínú 100, bí àjọ ìlera àgbáyé WHO ṣe sọ, bí àmì rẹ̀ bá sì ti yọ lára èèyàn, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Kí wọ́n ti ajá mọ́bì kan, kí wọ́n máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́wàá, kí dókítà ẹranko sì mọ̀ sí i. Ẹ má pa á, ẹ má sì tà á fún ẹnikẹ́ni láàárín ìgbà yẹn. Ara rẹ̀ ni wọ́n máa fi mọ̀ bóyá ó ní dìgbòlugi.

Lẹ́yìn ìyẹn, ajá tó ga tó Caucasian, tó ti dá ihò sí èèyàn lára, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ẹ óò fi ìmọ̀ràn orí fóònù yanjú. Ẹ wá ẹni tó mọ iṣẹ́, kó wá wo ajá náà lójúkojú. Àwọn dókítà ilé ìwòsàn ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ l'Abẹ́òkúta, máa ń rí irú ẹ̀. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ fi mọ́sùlù kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, ohun tí wọ́n fi ń bo ajá lẹ́nu yẹn. Bí ẹ bá sì máa gbé e fún ẹlòmíì, ẹ sọ pé ó ti bu èèyàn jẹ. Ìyá ọkọ tó ní "ẹ tà á" lókè lọ́hùn-ún, èyí ni mo fẹ́ kó gbọ́: ẹni tó bá rà á láìmọ̀, ó lè lọ́mọ nílé.

Fún àwọn tó ń bèèrè iye abẹ́rẹ́: ọmọ ajá máa ń gba ti dìgbòlugi láti bí oṣù mẹ́ta, kó sì máa tún un gbà gẹ́gẹ́ bí dókítà bá ṣe sọ, ọdọọdún ló wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní àwọn ìpínlẹ̀ kan, wọ́n máa ń gún un lọ́fẹ̀ẹ́ nítòsí 28 Oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ dìgbòlugi lágbàáyé.

* * *

Ẹni tó béèrè padà wá: "Mo wá jábọ̀. Bruno ti ń ju ìrù sí mi nídìí abọ́! Ọmọ ọ̀dọ̀ náà lè kọjá. Ṣùgbọ́n bí ọkọ mi bá ti yọ, ó tún ń le. Ọkọ mi ní ẹ ti fi ẹ̀dọ̀ kọ́ ọ ní ojúsàájú. Ìkejì, Iléyá ń bọ̀, àgbò méjì la máa pa, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi mẹ́jọ ń bọ̀ láti Èkó. Ẹ̀rù ń bà mí."

Èsì

Ẹ bá mi kí bàbá ọmọ. Kì í ṣe ojúsàájú. Ajá ò fi ọ̀rọ̀ màmá ṣe ẹ̀rí fún bàbá. Ohun tí ẹsẹ̀ yín ti kọ́ ọ, ẹsẹ̀ tiwọn ò tíì kọ́ ọ. Kí àwọn náà bẹ̀rẹ̀ láti òkèèrè, bí ẹ ṣe bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀dọ̀ tiwọn. Ó máa ń yá fún ẹnì kejì. Bí wọ́n bá ti nà án rí nídìí abọ́, á pẹ́ díẹ̀ sí i, àwọn nìkan ló lè sọ. Ọmọ ọdún mẹ́rin yẹn ò sí nínú ẹ̀kọ́ yìí o. Bó bá ti wù kí Bruno gbọ́n tó, ọmọ kékeré ò ní ohun tó ń ṣe nídìí ajá tó ń jẹun.

Ti Iléyá, ẹ má dán ẹ̀kọ́ yín wò lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀jẹ̀, ìfun, egungun nílẹ̀, ọmọ mẹ́jọ tí kò mọ̀ ọ́n. Ajá tó dáa pàápàá lè ṣìwà hù. Kí wọ́n tó mú àgbò jáde lórí ìdè ni kí Bruno ti jẹun, kó ti yàgbẹ́, kó sì ti wọ yàrá tàbí kéèjì tó ní àgádágodo, pẹ̀lú omi. Kọ́kọ́rọ́ á wà lọ́wọ́ àgbàlagbà kan ṣoṣo, kó má ṣe wà lára ìṣó níbi tí ọmọ lè ti mú un. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ, kí ẹ sì sọ fún àwọn àgbà tó máa ń ṣe inú rere pẹ̀lú: kí ẹnikẹ́ni má ju egungun sí i láti ojú fèrèsé. Ẹ wá àpò kan fún egungun àti ìdọ̀tí ẹran, kí wọ́n dì í, kó kúrò nínú ọgbà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ yí gbogbo àgbàlá ká, ẹ wo ẹ̀yìn àgbá àti abẹ́ mọ́tò, kí ẹ tó tú u sílẹ̀.

Ẹ gé ẹ̀dọ̀ àgbò díẹ̀ pamọ́ fún bàbá ọmọ. Ọjọ́ kejì ni kí wọ́n bẹ̀rẹ̀.